Omi Tó Gbé Wa Dé Ilé Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá wa sọ ní ìpàdé ọdún, lábẹ́ igi máńgòrò etí èbúté

Akọ̀wé wa ti sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú péré ni mo ní, ó sì fi ọwọ́ han mí ibi tí ìrẹsì wà lórí iná. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti Fọ́ọ̀mù Kìíní mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ omi, kì í tètè tán lẹ́nu mi. Bí ó bá pẹ́, ẹ fa aṣọ mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn kan nínú yín máa ń pè mí ní ẹnjiníà. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹnjiníà. Awọnmi ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ bí omi inú odò ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i kà. Ó dà bí iṣẹ́ tí kò le, àbí? Ẹ dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1985, nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, ọjọ́ tí a ń wọlé fún táàmù tuntun, àwa mẹ́sàn-án la wọ ọkọ̀ kan náà láti apá Lẹ́kí bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mẹ́ta nínú wa wà níbí lónìí, mo rí wọn tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la gbéra. Ìrìn tí kò yẹ kó tó wákàtí méjì ni. Nígbà tí a dé àárín omi, a rí i pé ojú omi ti di pápá. Ewé tútù, òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ó lọ títí ojú kò tó òpin rẹ̀. Atukọ̀ wa ní òun máa là á kọjá. Kò pẹ́ tí gbòǹgbò ewé náà fi wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ló bá kú. Ó fi àdá gé e, ó tún tan ẹ́ńjìnnì, ó tún kú. Ó mú ọ̀pá, ọ̀pá kò kan ilẹ̀ dáadáa nítorí ewé. Ilẹ̀ ṣú. Inú ọkọ̀ yẹn la sùn sí mọ́jú, tí ẹ̀fọn ń fi wá ṣe oúnjẹ, tí a ń pín gààrí inú àpótí ọ̀kan nínú wa, tí ọmọ náà sì ń sunkún nítorí pé gààrí oṣù kan gbáko nìyẹn.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó dé èbúté yìí. Ọ̀gá tó ń mójú tó ilé gbígbé kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Wọ́n ní a pẹ́. Ìyà wo ni wọ́n wá fi jẹ wá? Wọ́n ní ká lọ gé koríko ẹ̀yìn ilé oúnjẹ. Àwa tí a sùn sínú koríko mọ́jú! (Ọ̀gá náà wà lórí àga níwájú mi báyìí. Ẹ má bínú sà, a ti dárí jì yín.)

Ewé yẹn ni àwọn ará etí omi ń pè ní gbéborùn, nítorí pé kò sí ilé tí kì í yà. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi wa, ní apá Àgbádárìgì, tí omi gbé e wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ẹ̀. Láàrin ọdún kan ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rántí pé olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Jọ́gíráfì mú ọ̀kan wá sí kíláàsì nínú báàlì, wọ́n bi wá pé, “Kí ló dé tí èyí fi ń kú ní Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kì í kú níbí?” Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ká lọ tọ́ omi wò. Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ohun tí mo dà.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Láti Àgbádárìgì títí dé ọ̀sà Lẹ́kí, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi wa ní sí òkun, ẹnu Èkó ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò kò lágbára, omi iyọ̀ á gba ẹnu yẹn wọlé, á tàn káàkiri ọ̀sà Èkó. Gbéborùn kò fẹ́ iyọ̀. Á rọ, á jẹrà. Nígbà òjò, àwọn odò á lé iyọ̀ padà, gbéborùn á tún yọjú. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Lẹ́kí tiwa jìnnà sí ẹnu Èkó. Iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Omi tí a lè bù mu ló wà níbẹ̀ yípo ọdún, ìdí nìyẹn tí gbéborùn fi ráyè jókòó.

Ẹnu Èkó fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Kí àwọn òyìnbó tó kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun níbẹ̀ láàrin 1908 sí 1912, yanrìn a máa dí i, ọkọ̀ òkun ńlá kì í lè wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró, tàbí kí wọ́n já ẹrù sí Forcados kí ọkọ̀ kékeré wá gbé e bọ̀. Ògiri náà ṣiṣẹ́, Èkó di èbúté ńlá. Ṣùgbọ́n yanrìn tó ń bá etí òkun rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn bá ògiri pàdé, ó dúró síbẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach tó wà ní òdìkejì. Ẹ̀yin tí ẹ lọ síbẹ̀ lọ gbafẹ́ nígbà èwe yín rí bí ó ṣe ń jẹ ẹ́. Bí omi ṣe rí nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kàn án níbí, ọ̀hún ló máa dáhùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lẹ́nu, ká lọ sí orísun. Odò Ògùn ti apá Ṣakí wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ̀rì, ó sì wọ ọ̀sà Èkó. Lókè Abẹ́òkúta ni odò Ọ̀yán ti wá pàdé rẹ̀. Orí Ọ̀yán yìí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ dáàmù sí, tí wọ́n ṣí ní 1983. Omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù lọ́nà 270 mítà onígun mẹ́ta. Àjọ tó ń mójú tó àfonífojì odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Abẹ́òkúta, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Omi tí ará Abẹ́òkúta àti ará Èkó ń mu wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Bí ẹ bá ti mu omi ẹ̀rọ láti Adíyàn rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mu omi Ọ̀yán.

Ibi tí iṣẹ́ ti le gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi. Ẹni tó ń fẹ́ omi mu àti omi bomi-rin oko fẹ́ kí dáàmù kún dẹ́nu ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò fẹ́ kí dáàmù ṣófo, kó lè ráyè gba òjò ńlá bí ó bá dé. Àwọn méjèèjì ló jàre. Dáàmù kan náà ni. Bí ẹni tó wà nídìí kọ́kọ́rọ́ bá tètè jó omi, tí òjò sì wá dá, ìlú á gbẹ nínú oṣù kẹta. Bí ó bá dá omi dúró jù, tí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá wá ya bò ó, àfi kó ṣí ilẹ̀kùn kíákíá, nítorí dáàmù tó bá já, kò sẹ́ni tó máa ròyìn. Nígbà tó bá wá ṣí i, omi á dé Ìṣẹ̀rì, á dé Àgbóyì àti Kétu, á dé Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Tí omi òkun bá sì ń kún lẹ́nu Èkó lákòókò yẹn, omi odò kò ní ríbi gbà jáde. Á dúró. Ìyàtọ̀ láàrin ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà lẹ́nu Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tiwa, mítà kan tó láti wọ yàrá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi a máa bi ara mi pé, ẹni tí wọ́n da omi sí níwájú ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá 2010, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ kó jáde nílé nítorí omi yìí. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn ẹlòmíràn ni mò ń dá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi awọnmi, èmi tí mo ń gba owó oṣù lórí omi, mo ra ilẹ̀ sí àfonífojì odò Ògùn ní 1994. Oṣù kejìlá ni mo lọ wò ó. Ilẹ̀ gbẹ, ó mọ́, ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀. Ìyàwó mi bi mí pé, “Ṣé omi kì í dé ibí?” Mo ní rárá o. N kò wọn ohunkóhun. Ìdí ni pé ilẹ̀ náà pọ̀ níye, kò sì wọ́n, ojú mi sì ti fọ́. Ọdún kejì tí a kó wọlé, omi dé ojú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí mi àti fọ́tò ìgbéyàwó wa, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí mo wá lọ yẹ ìwé iṣẹ́ mi wò, ìwọ̀n omi ọdún méje sẹ́yìn wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ó hàn gbangba pé omi á dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́, n kò kà á.

Àbí ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé Ẹ̀pẹ́ la wà, kí ló kàn wá kan odò Ògùn. Odò tiwa ni Ọ̀ṣun, òun ló ń wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Gbogbo ayé mọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Láti 2005 ló ti wà lára ibi tí UNESCO kọ sílẹ̀ pé ohun ìní gbogbo aráyé ni. Ìgbàgbọ́ dáàbò bo odò níbẹ̀, òfin dáàbò bò ó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Ẹ rí i, ibi tí a dáàbò bò kò ju ìwọ̀nba kékeré lọ lára odò tó gùn. Láìpẹ́ yìí àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da ẹrẹ̀ sínú omi lókè, omi tó ń gba inú igbó mímọ́ kọjá sì di aláwọ̀ ilẹ̀. Ògiri àti ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ gba inú omi wọlé. Bí ẹ bá dáàbò bo àárín odò, tí ẹ kò mọ ẹni tó wà lókè, àárín náà ò sí lọ́wọ́ yín.

Ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀, ta ló ń sanwó? Ọ̀rọ̀ owó ló kù báyìí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni etí yín máa ń là.

Ọ̀nà omi tó gba iwájú ilé ìwé yìí kọjá, orúkọ rẹ̀ wà nínú òfin. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá NIWA sílẹ̀ ní 1997, tí wọ́n fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n to àwọn ọ̀nà omi tó jẹ́ tiwọn sí ẹ̀yìn òfin náà. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì, ó gba ọ̀sà Èkó, ó gba Ẹ̀pẹ́, ó gba ọ̀sà Lẹ́kí dé Ìwópin, ó sì ń lọ gba ilẹ̀ Òkìtìpupa títí dé Wàrì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2008, wọ́n dá LASWA sílẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣe wá di ọlọ́gàá méjì nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn awayanrìn kò mọ ẹni tí wọn yóò san owó fún, àwọn méjèèjì ló ń béèrè. Wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ní 2012. Ní 2014 ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ní 2017 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá, Èkó ló láṣẹ lórí omi tó wà nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá ní ti ìjọba àpapọ̀ ni.

Ẹjọ́ yẹn tó nǹkan bí ọdún méjìlá. N kì í ṣe lọ́yà, àwọn lọ́yà wa pọ̀ níbí, wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀ fún yín nídìí ìrẹsì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igi gẹdú tó bọ́ lára àwọn tí wọ́n máa ń so pọ̀ gba ojú omi lọ sí Òkòbàbá tẹ́lẹ̀, tó rì, tó fi orí sókè díẹ̀ nísàlẹ̀ omi, kò mọ̀ pé ẹjọ́ ń lọ. Ó wà níbẹ̀ ní 2012, ó wà níbẹ̀ ní 2024, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbá a kì í béèrè bóyá igi ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ti ìpínlẹ̀.

Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ tó ni èyí: owó tí a bá gbà lórí omi, ṣé orí omi ló ń padà sí?

Mo lo ọdún kan ní Norwich nílùú Ọba, níbi tí wọ́n rán mi lọ kàwé. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Broads. Ó jọ tiwa dé ibi tó bà mí lẹ́rù: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, odò, adágún, koríko gíga, òkun nítòsí. Láyé àtijọ́, àwọn èèyàn wa ilẹ̀ jíjẹrà jáde níbẹ̀ láti fi dáná, omi wá kún inú kòtò náà. Nǹkan bí igba kìlómítà ni ọkọ̀ lè rìn níbẹ̀. Wọ́n ń dáàbò bò ó bí ọgbà ẹranko ìjọba, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń rìn nínú rẹ̀. Òfin wọn ti 1988 fún àjọ kan ṣoṣo ní iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ á san owó lọ́dọọdún. Owó yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ná an sórí ọ̀nà ọkọ̀: kí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, kí wọ́n yọ igi, kí wọ́n fi àmì sí i. Ti ẹyẹ, ti koríko àti ti àwọn àlejò, owó ìjọba ló ń ṣe é. Àpò méjì, wọn kì í da á pọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀run ni mò ń ròyìn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ ń kùn pé owó ń gòkè jù. Àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ń kùn pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Láàrin òtútù 2023 sí 2024, omi dúró sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó yẹ kó gbẹ́ ẹnu odò. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Ìyẹn nìkan jọ mí lójú.

Ohun kan tún wà tí mo rí níbẹ̀ tí n kò gbàgbé. Afárá àtijọ́ kan wà ní abúlé tí wọ́n ń pè ní Potter Heigham. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú gan-an; bí omi bá ga díẹ̀, ọkọ̀ kò lè gba abẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Pákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó ń bọ̀ á wo ibi tí omi kàn, á mọ̀ bí àyè tó kù lábẹ́ afárá ṣe pọ̀ tó, á sì yàn bóyá kí òun lọ tàbí kí òun dúró. Pákó lásán! Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wò ó, mo sì ń rántí atukọ̀ wa ti 1985 tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn.

Alága, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú mi ti tán, ẹ ti fa aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi rìn gbogbo ìrìn yìí nìyí. Lọ́sàn-án òní ẹ máa dìbò lórí géètì. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Ó dára, ó ní idẹ, ó ní orúkọ ẹgbẹ́ wa, ó ní iná lórí. N kò bá géètì jà. Àwa tí a mọtò wá lónìí máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n mo lọ sí èbúté láàárọ̀ yìí kí ẹ tó jí. Mo ka àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wá sí ilé ìwé fún ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Àwọn méjì péré ló wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Àtẹ̀gùn èbúté ti já ní ibi mẹ́ta, ọmọdébìnrin kan ló ń fi ọwọ́ fa àwọn yòókù gòkè. Ilé ìwé yìí kọjú sí omi, nítorí pé omi ni títì nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ọjà Èjìnrìn ṣì ń gba ọkọ̀ ojú omi ńlá. Àwa la yí i padà kọ mọ́tò. Àwọn ọmọ abúlé kò tíì yí i padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ yín fún kò tó ìdá mẹ́wàá owó géètì. Ẹ jẹ́ ká tún àtẹ̀gùn èbúté ṣe. Ẹ jẹ́ ká ra jákẹ́ẹ̀tì ogójì, kí ó jẹ́ ti ilé ìwé, kí wọ́n máa gbé e kọ́ sí ibi tí atukọ̀ ti lè mú un. Ẹ sì jẹ́ ká ri òpó kan mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ká fi ọ̀dà kọ mítà àti sẹ̀ǹtímítà sí i. Kí ọmọ kíláàsì Jọ́gíráfì kan máa lọ kà á ní agogo méje àárọ̀ lójoojúmọ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé kan tó nípọn, kí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ọjọ́ náà sára pátákó fún àwọn atukọ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á mọ̀ pé àwọn igi rírì ti sún mọ́ òkè. Bí ó bá ń fò sókè lójoojúmọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn ìyá tó ń ta ẹja létí omi á ti mọ̀ kí rédíò tó sọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé yẹn á mọ ohun tí èmi kò fẹ́ kà ní 1994.

Akápò bi mí lánàá pé ta ló máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí a bá lọ. Ìbéèrè tó dára nìyẹn, òun gan-an ló pa ọ̀pọ̀ nǹkan lójú omi wa. Mo ti bá ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ èbúté yìí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn gbà kí a yọ iye díẹ̀ nínú owó ọkọ̀ ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kó wọ inú kóló tirẹ̀, bí ilé ìwé bá gbà láti máa kọ iye tó wọlé àti ohun tí a fi rà sí ara pátákó kan náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, a ò kọ owó sísan. A fẹ́ rí ibi tó lọ ni.” Ọkùnrin yẹn kò mọ Norwich.

Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn. Bí ìbò bá gba géètì nìkan, n ó san tèmi, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n òpó náà ti wà nínú búùtù mọ́tò mi. Igi apá ni, mo ti fi ọ̀dà dúdú àti funfun kùn ún, mo ti kọ nọ́ńbà sí i láti òdo dé mítà mẹ́ta. Lọ́la ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí a tó lọ sí ìsìn ìdúpẹ́, n ó wà létí omi. Atukọ̀ kan ti gbà láti bá wa di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Mo nílò èèyàn mẹ́rin tó lágbára, àti ẹnì kan tó lè fi òòlù lu igi lórí ọkọ̀ láìṣubú. Ẹ wọ ṣòkòtò tí kò ní dùn yín bí ó bá bàjẹ́. Ọ̀gá wa tó ní ká gé koríko, ẹ̀yin nìkan ni mo fún láyè láti jókòó lórí àga.